Àǹtí Ni Kó O Máa Pè Mí

Kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù mi kó sọ pé mi ò fẹ́ràn àbúrò mi. Mo ti lé oníbàárà méjì jáde lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀kan ṣì wà lábẹ́ díráyà, róólà kún orí ẹ̀ bámúbámú, mo ní kó dìde kó máa lọ bẹ́ẹ̀, ó sì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí mo ṣe tọ́ ọmọbìnrin yẹn, kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o fara balẹ̀ bi mí, tó o ò yọ ṣùtì sí mi, jókòó. Màá sọ ọ́ fún ẹ bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan ibi tó ń tì mí lójú.

Onídìrí ni mí, o ti mọ ìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù mi ò tóbi: àga mẹ́ta, díráyà méjì, tí ọ̀kan nínú wọn máa ń jó èèyàn létí tí mi ò bá ṣọ́ ọ, àti yàrá kan lẹ́yìn tí mò ń gbé. Nígbà tí ìyá wa kú, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àbúrò mi, èmi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Èmi ni mo gbà á tọ́. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn ẹ̀ gùn, ìyẹn la ṣe ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Tó bá ń bọ̀ lójú pópó, àwọn mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà á ju sípánà sílẹ̀, wọ́n á máa wò ó. Mo máa ń jáde lọ bú wọn, mo sì máa ń padà wọlé pẹ̀lú ìgbéraga.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó lóyún. Ẹni tó fún un lóyún ní òun ń lọ ra káàdì fóònù ní ìkóríta. Títí di òní, kò tíì rí káàdì yẹn rà. Mo bínú fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo lọ ra aṣọ ọmọ. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi ò bí. Ọkọ mi dúró dè mí fún ọdún mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà ó kó ẹrù ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó bímọ tán, tí wọ́n gbé ọmọbìnrin tó bí jáde ní ilé ìwòsàn, tí ìyá ẹ̀ ń sùn, ọwọ́ mi ni wọ́n gbé e lé. Ó ṣí ojú, ó wò mí. Mo bú sẹ́kún níwájú àwọn nọ́ọ̀sì.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú kejì, ọmọ wà lọ́dọ̀ mi. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá. Ọmọ náà ń pe èmi ní Màmá, ó ń pe ìyá ẹ̀ ní Mọ́mì, kò sì dà á láàmú rárá pé òun ní méjì. Tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá ti yọ ní ìkóríta báyìí, ọmọ á já ọwọ́ ẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, á bẹ́ sí eré: "Mọ́mì mi! Mọ́mì mi dé!" Kò sí ohun tí ọmọ yẹn mọ̀ tí kì í sọ jáde. Ó ti sọ fún oníbàárà mi kan lójú ara ẹ̀ pé mo ní irun ẹ̀ ti ń tán lórí. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Olófòófó.

Ọmọ náà ti lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́rin nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé ní ọjọ́ Sátidé kan pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ìdíje ẹwà orílẹ̀-èdè ni. Ọmọbìnrin mẹ́rìnlélógún, ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gba adé á gba ilé oníyàrá méjì, iṣẹ́ gidi á sì máa dúró dè é. Ó ti yege ní ìlú tó ti ń kàwé kó tó sọ fún mi. Mo fò sókè, mo dì mọ́ ọn, mo pe àwọn mẹkáníìkì pé kí wọ́n wá wo ẹni tí wọ́n ń wò lófèé láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé òun ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì, ó fi báírò sí ìbéèrè keje, kò kọ nǹkan kan.

Mo tẹ̀ síwájú, mo kà á. Ǹjẹ́ o ti bímọ rí?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá ti bímọ, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé."

"Ta ló ṣe irú òfin wérewère bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tó ni adé."

"Ọmọ bíbí ti wá di àrùn báyìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Ó máa gbọ́."

Olófòófó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ díráyà, ó ń to róólà jọ, ó ń kọrin fún wọn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó títí. Ó wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní, "Ọdún kan péré ni. Tí mo bá gba adé, mo gba ilé. Tí ọdún adé bá ti pé, màá wá mú ọmọ mi, a ó jọ máa gbé. Ó ti sú mi kí n máa jẹ́ ìyá ọjọ́ Sátidé. Tí mi ò bá gbà á, ọdún mélòó ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ kí n tó rí ilé kan tí mo lè mú ọmọ sí? Nígbà yẹn, á ti dàgbà."

"Ọmọ ẹ ni," mo dá a lóhùn. "Ìgbà tó bá wù ẹ́ ni kó o mú un."

Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo yíjú kó má baà rí ojú mi. Mo lọ ń ṣa irun tó wà nílẹ̀. Ó kọ "Rárá" sí ìbéèrè keje, ó buwọ́ lù ú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ buwọ́ lù ú níwájú lọ́yà.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù: ẹnu Olófòófó. Àwọn oníròyìn á máa wá sí ilé olùdíje kọ̀ọ̀kan láti ya fọ́tò àwọn ẹbí ẹ̀, ìwọ náà sì mọ irú ọmọ tó jẹ́. Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mú búrọ́ọ̀ṣì irun, ó dì í mú bí ẹni di máìkì mú, ó nawọ́ sí mi, ó bi ọmọ ẹ̀ pé, "Ta nìyí?"

"Màmá mi!"

"Èmi ńkọ́?"

"Mọ́mì mi!"

"Rárá o. Àǹtí ni kó o máa pè mí. Ó yá, sọ ọ́. Àǹtí mi."

Ọmọ náà wò ó tìyanu-tìyanu. "Mọ́mì, ṣé ẹ ti gbàgbé orúkọ yín ni?"

Ẹ̀rín pa wá. A di ara wa mú, a rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣí páálí bisikíìtì. Tó bá ní Àǹtí, ó gba ọ̀kan. Tó bá ní Mọ́mì, kò gba nǹkan kan. Ó tó Sátidé mẹ́ta kó tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ìgbà mẹ́wàá láìṣì, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pàtẹ́wọ́, ó gbé e sókè, ó ní, "Ọmọ mi gbọ́n o!" Ọmọ náà ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni mí, Àǹtí." Mo rí ojú àbúrò mi. Ó rọra gbé ọmọ náà sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ pọn omi sí báàkẹ́tì lẹ́yìn ilé. Báàkẹ́tì yẹn ti kún láti àárọ̀.

Ó yẹ kí n tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ kí n sọ fún un pé ó tó, kó ya fọ́ọ̀mù náà. Mi ò lọ.

Ibi tó ń tì mí lójú nìyí. Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ ibùdó pẹ̀lú àwọn olùdíje yòókù, tí àwọn oníròyìn ti wá tí wọ́n ti lọ, kò sí ìdí kankan tí mo tún fi gbọ́dọ̀ máa kọ́ ọmọ náà. Ó ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mò ń bá a lọ. Tí mo bá ń fọ ẹnu fún un, màá bi í. Tí mo bá ń wọ bàtà fún un, màá bi í. Mo sì fi tèmi kún un, èyí tí ìyá ẹ̀ ò mọ̀ sí. Màá ní, "Ṣé o ní ìyá mìíràn?" Mo wá kọ́ ọ kó máa dáhùn pé, "Rárá o. Màmá nìkan." Bisikíìtì méjì ni mò ń fún un lórí ìyẹn. Ká ní o bi mí nígbà yẹn, mi ò bá ní adé àbúrò mi ni mò ń dáàbò bò. Irọ́ gbuu ni. Ó kàn ń dùn mọ́ mi létí ni.

Ibùdó wọn jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀, wọ́n sì gbà kí onídìrí olùdíje kọ̀ọ̀kan máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Má rò pé ibẹ̀ dùn o. Yàrá kan, ọmọbìnrin méjì, báàgì mẹ́fà, bàtà gogoro níbi gbogbo tí èèyàn bá fẹsẹ̀ tẹ̀. Wọ́n ń fi ìpara ra eyín kí ètè má baà lẹ̀ mọ́ ọn tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín fún wákàtí méjì gbáko. Wọ́n ń fi téèpù di ẹsẹ̀ tó ti bó. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alábòójútó máa ń rìn káàkiri pẹ̀lú ìwé kékeré, ó ń kọ orúkọ ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ebi ti ń jẹ́ kí irun àbúrò mi já sí mi lọ́wọ́. Ó bi mí lórúkọ, ó kọ èmi náà sílẹ̀.

Ọmọ apẹja kan ni wọ́n fi sí yàrá kan náà pẹ̀lú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo wọn ń pè é. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú aṣọ ìwẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá Ẹlẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi páúdà bo àwọn ìlà tí oyún fi sílẹ̀ sí ikùn àbúrò mi, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Mo yára ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi. Ó yíjú wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ má dààmú. Mẹ́jọ ni ìyá mi bí, ojú mi ti rí ìlà oyún dáadáa. Èmi ò rí nǹkan kan níbí." Ó sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí mo bá ń na irun Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan la máa ń ráyè sọ̀rọ̀.

"Ṣé ó ń béèrè mi?"

"Ó ń béèrè ẹ. Má mi orí, irin gbígbóná ló wà lọ́wọ́ mi."

"Kí ló ń pè mí tó bá ń béèrè?"

"Àǹtí."

"Kò ṣì í rí? Kò tiẹ̀ ṣèèṣì pè mí ní Mọ́mì lẹ́ẹ̀kan?"

"Kò ṣì í rí."

"Ó dáa," ó ní. Mo ń wo ojú ẹ̀ nínú dígí, kò dáa rárá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú un wá lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kó rí mi. Tí mo bá gbà á, tí mo bá dé ilé, màá jókòó tì í, màá sọ fún un pé eré yẹn ti parí."

Mo ní ó léwu. Ó ní kí n ṣáà mú un wá. Ohun tó sì léwu níbẹ̀, onídìrí nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Irun iwájú orí àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ ṣóńṣó sáàárín iwájú orí ẹ̀, ọmọ ẹ̀ sì ní irú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Tí onídìrí mìíràn bá rí àwọn méjèèjì pa pọ̀, kò ní béèrè ìbéèrè kankan. Onídìrí mẹ́tàlélógún ló sì máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, mo gbé Olófòófó lé orí àga, mo fá orí ẹ̀ kodoro, mo dé fìlà sí i. Ó wo ara ẹ̀ nínú dígí, ó bi mí bóyá òun ti di ọkùnrin.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn ńlá ni, iná lókè, iná nílẹ̀, àwa wà ní ìlà kẹrin. Àwọn mẹ́rìnlélógún jáde pẹ̀lú ọ̀já funfun tí wọ́n gbé kọ́ èjìká, orúkọ ìlú ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lára ẹ̀. Wọ́n dín wọn kù sí mẹ́wàá. Wọ́n tún dín wọn kù sí márùn-ún. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà nínú wọn, Ẹlẹ́rìn-ín náà wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbá ọkùnrin tó jókòó níwájú mi lẹ́yìn, mo ní, "Àbúrò mi nìyẹn!" Ó ní òun ò bi mí. Ká sọ pé kì í ṣe ọjọ́ ayọ̀ ni, mi ò bá fún un lésì.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú àwọn adájọ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ohùn ẹ̀ tutù. Ó ní, "Ọmọ mi, kí ni ohun tó le jù tó o ti ṣe rí láyé ẹ?"

Ìdáhùn ẹ̀ ti wà nílẹ̀. A jọ kọ́ ọ sórí ni: ikú ìyá wa, bí òun ṣe fi ìwé kíkà pa ẹkún mọ́ra. Ó gbé máìkì sẹ́nu, ó ní, "Nígbà tí ìyá mi kú..." Ibẹ̀ ni Olófòófó ti gun orí itan mi dìde dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó pariwo pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀: "Àǹtí! Àǹtí mi! Èmi rèé o!"

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Àwọn adájọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín. Ṣé o rí i, kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà ní nǹkan kan. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì, kò sí bisikíìtì. Ọkàn ara ẹ̀ ló ti wá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, mo rí i lójú ẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Ẹ̀rín tí wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ kúrò lẹ́nu ẹ̀.

"Ohun tó le jù tí mo ṣe," ó ní, "ni pé mo kọ́ ọmọ mi kó má pè mí ní ìyá mọ́. Ọmọ tó ń pariwo yẹn. Èmi ni mo bí i. Mo pa irọ́ fún yín nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ gba adé yín. Mi ò lè gbọ́ Àǹtí yẹn mọ́."

Ó bọ́ bàtà gogoro ẹ̀ sílẹ̀ lórí pèpéle, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Atọ́kùn ètò náà, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù pupa, sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú máìkì. Ó ti rí eré tó máa dùn ún ṣe. Kí àbúrò mi tó sọ̀rọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Olófòófó, ó ní, "Ọmọ dáadáa, ta nìyí?"

Olófòófó wo máìkì yẹn. Ó wo ojú mi bóyá òun máa gba bisikíìtì. "Àǹtí mi ni."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀ sílẹ̀, aṣọ olówó ńlá yẹn tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Olófòófó, gbọ́ mi. Eré yẹn ti parí. Pè mí ní ti tẹ́lẹ̀. Mọ́mì ẹ ni mí. Ṣé o rántí?" Ó na ọwọ́ láti gbà á. Ọmọ náà rí omi tó ń dà lójú ẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó fà sẹ́yìn, ó di ọrùn mi mú, ó wá sọ èyí tí mo kọ́ ọ: "Rárá o. Màmá nìkan."

Àbúrò mi gbé ojú sókè, ó wò mí. Òun ò kọ́ ọmọ náà ní ìyẹn rí, ó sì mọ̀ pé kò lè dá a sọ. Mo rí i bó ṣe yé e.

Atọ́kùn náà ti máìkì sí mi lẹ́nu. "Ìyá, ẹ là wá lọ́yẹ. Ọmọ ta nìyí?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni."

Mo ti sọ fún ara mi nígbà àìmọye pé mo fẹ́ gbà á là ni. Pé wọ́n á rò pé àárẹ̀ ló mú un, pé adé á ṣì wà fún un. Àwọn kan tiẹ̀ yìn mí nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rántí adé kankan ní ìṣẹ́jú yẹn. Ọmọ dì mọ́ mi lọ́rùn, mò ń gbọ́ bí àyà ẹ̀ ṣe ń lù, mo sì fẹ́ kó jẹ́ tèmi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn adájọ́ forí korí. Yálà ó purọ́ níwájú lọ́yà, tàbí ó purọ́ lórí pèpéle, wọn ò lè fi adé dé e. Alábòójútó ló bọ́ ọ̀já kúrò léjìká ẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n fún ní adé. Ó sunkún burúkú lórí pèpéle, àwọn èèyàn rò pé ayọ̀ ni.

Mo bá àbúrò mi nínú yàrá ìmúra. Ó jókòó níwájú dígí, ó ń yọ píìnì kúrò nínú irun tí mo fi wákàtí mẹ́rin dì. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ kọ́ ọ ní 'Màmá nìkan'?"

"Ìgbà tó o wà ní ibùdó."

"Kí ló dé?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa píìnì tó wà nílẹ̀. Ó mú báàgì ẹ̀, ó jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun wá mú ọmọ òun. Mo ti di aṣọ ọmọ náà sílẹ̀, mi ò jiyàn. Ó gbé e, wọ́n jáde. Wọn ò tíì kọjá ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, "Màmá, ẹ gbà mí! Màmá, ẹ gbà mí!" Ó ń gbá ìyá ẹ̀ lójú, ó ń ta ẹsẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé e dé ìkóríta. Ó dúró níbẹ̀, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ń fi ọkàn ẹ̀ balẹ̀, kò gbọ́. Ó wá rọra gbé e sílẹ̀. Ọmọ náà sáré padà, mo sì la ọwọ́ mi méjèèjì. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni ní ìkóríta mọ́.

Oṣù mẹ́jọ kọjá, kò wá ní Sátidé kankan. Ó rí iṣẹ́ sí ilé ìtajà bàtà ní ìlú mìíràn. Ó máa ń pè mí lórí fóònù, a máa ń kí ara wa bí àwọn tó pàdé lórí ìlà ní báńkì. Mo gbìyànjú láti tún un ṣe, mo fi ọ̀run búra. Mo mú fọ́tò ẹ̀, mo fi han ọmọ náà, mo ní, "Ìyá ẹ nìyí." Ó wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní, "Àǹtí ni," ó sì na ọwọ́ kí n fún un ní bisikíìtì. Ó rò pé mò ń dán an wò ni. Nígbà tó yá, kò tiẹ̀ bojú wo fọ́tò náà mọ́. Oṣù mẹ́jọ ti pọ̀ jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí ló pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ó ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà, mo ń fọ orí oníbàárà. Ó yọjú wọlé, ó ní, "Màmá, ẹ ní àlejò."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló dúró lẹ́yìn ẹ̀. Ó ti rù. Ó gbé páálí bàtà kékeré kan dání. Mo ní kí oníbàárà náà máa bọ̀ lọ́la, ọṣẹ ṣì wà lórí ẹ̀, kò jiyàn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sórí àga. Olófòófó lọ bu omi wá fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un bí mo ṣe kọ́ ọ láti máa ṣe fún àlejò.

"O ṣeun," àbúrò mi ní. "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mo pé márùn-ún lónìí!"

"Ṣé lóòótọ́? Kú oríire."

Ó ṣí páálí, ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ wọ bàtà náà fún un. Kò wọ̀. Ẹni tó ń ta bàtà láti àárọ̀ dalẹ́, ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀ tọdún tó kọjá ló mú wá. Ó ń tì í, ó ń tì í, Olófòófó ní, "Ó ń dùn mí." Ó bọ́ ọ, ó dá a padà sínú páálí.

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo fa ọmọ náà lápá, mo ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Èyí kì í ṣe àlejò. Ìyá ẹ nìyí. Òun ló bí ẹ, èmi kọ́. Irọ́ ni mo pa fún ẹ."

Ọmọ náà wò mí, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín kèkè. "Màmá ń ṣeré!" Ó yíjú sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kí wọ́n lè jọ rẹ́rìn-ín.

Mo ń fi ojú bẹ àbúrò mi pé kó sọ pé òótọ́ ni. Ó wo ọmọ ẹ̀ títí, ó rí bí inú ẹ̀ ṣe ń dùn. Ó wá bá a rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín ẹ̀ yọ síta, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o, màmá ẹ fẹ́ràn eré." Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé báàgì ẹ̀, ó ní ọkọ̀ òun ò ní pẹ́ gbéra.